Kóòtù tó pè mí l'Amẹ́ríkà àti èyí tó pè mí l'Abẹ́òkúta: bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹni tí wọ́n pè

Bí ilé oúnjẹ kan ní Pánṣẹ́kẹ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè rékọjá sí èkejì. Kóòtù kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń pe ènìyàn, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń peni, ẹni tí kò bá sì jẹ́ ìpè rẹ̀ ti lòdì sí òfin. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí á máa yẹ iṣẹ́ kóòtù wò ní gbangba, bí a ṣe ń yẹ ti báńkì àti ilé ìwòsàn wò, kí á sọ ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Kóòtù méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọ̀kan wà ní Massachusetts, níbi tí mo ti gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wálé sídìí adìrẹ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Ìtọ́kú. Júrì ni wọ́n pè mí sí níbẹ̀. Èkejì wà ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹlẹ́rìí ni mo jẹ́ níbẹ̀, nítorí wọ́n jí ẹrù kó ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀gbẹ́ kan tèmi, èmi ni mo sì rí ẹni tó ń gbé e jáde. N kò ní dárúkọ kóòtù méjèèjì. Ẹjọ́ ti ìhín ṣì ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà n kò ní sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe tọ́jú àwa tí wọ́n pè.

Àwọn ará ìlú lásán, tí wọn kì í ṣe lọ́yà, tí wọn kì í ṣe adájọ́, ni wọ́n ń pè ní júrì. Kóòtù á ṣà wọ́n jọ láti gbọ́ ẹjọ́ kan, kí wọ́n sì sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí ó jàre. Adájọ́ á tọ́ wọn sọ́nà nípa òfin, ṣùgbọ́n ẹnu tiwọn ni ọ̀rọ̀ jẹ̀bi tàbí jàre ti ń jáde. Nàìjíríà kò lò ó mọ́. Èkó lò ó láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, Gánà sì ń lò ó títí dòní fún ẹ̀sùn ńláńlá, ènìyàn méje ni tiwọn. Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jókòó sórí ẹjọ́ kan. Kí òyìnbó tó dé, ìlú kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá ló ní Ògbóni tirẹ̀. Inú ìlédì, ilé ìpàdé Ògbóni, ni àwọn àgbà ti ń fikùn lukùn lórí ẹjọ́, Apènà ló sì ń pè wọ́n jọ.

Ti Massachusetts, ìwé ló kọ́kọ́ dé. Orúkọ àwọn ará ìlú, èyí tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ni wọ́n fi ń ṣa júrì níbẹ̀, wọn kì í wò ó bóyá ènìyàn forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tó ti pé ọdún 18, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìpè lè kàn án nígbàkigbà. Ẹni tó bá ti pé 70 lè ní òun kò ṣe. Ohun tó wú mi lórí nínú ìwé náà ni pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n ló ti wà níbẹ̀: ọjọ́ tí mo máa wá, aago tí mo máa dé, ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ sí, irú aṣọ tó yẹ, ẹni tí mo lè pè lórí fóònù. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ mí lọ́rùn, kí n fúnra mi mú ọjọ́ mìíràn láàárín ọdún kan. Ìyàwó ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, èmi ni mò ń wẹ ìkókó. Mo pè wọ́n, mo mú ọjọ́ mìíràn, wọn kò sì bi mí léèrè ìdí.

Ìlànà wọn níbẹ̀ ni ọjọ́ kan tàbí ẹjọ́ kan. Bí wọn kò bá yan ènìyàn fún ẹjọ́ lọ́jọ́ tó wá, ó ti ṣe tirẹ̀ tán, kó máa lọ ilé. Bí wọ́n bá yàn án, ẹjọ́ kan ṣoṣo náà ló máa gbọ́. Ẹni tó bá sì ti ṣe é, ó di lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún lè pè é. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi l'Amẹ́ríkà, wọ́n lè dá ènìyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan kó máa wá jókòó lójoojúmọ́. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, àti ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ní dúró. Oníṣòwò, awakọ̀, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ àwọn. Irú ènìyàn kan ṣoṣo ló wá ń ṣẹ́kù sórí àga júrì. Ọjọ́ tí wọ́n dín ìyọnu náà kù ni àwọn yòókù tó lè wá.

Owó ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló máa san owó iṣẹ́ ẹni náà bí ẹni pé ó wá sí ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ kẹrin, ìjọba ìpínlẹ̀ á máa san 50 dọ́là lójúmọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń san fún ilé níbẹ̀ mọ̀ pé owó yìí kò jọ nǹkan kan. Onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí ẹjọ́ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wọ gbèsè. Ìlú San Francisco bẹ̀rẹ̀ sí í dán ètò kan wò ní 2022, wọ́n ń san 100 dọ́là lójúmọ́ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ kí àwọn náà lè jókòó nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìyẹn ló tọ́ lójú tèmi. Bí tálákà kò bá lè jókòó sórí àga júrì, a kò lè sọ pé ìlú ló dá ẹjọ́ náà.

Ọjọ́ náà pé, wọ́n kó wa sí yàrá ńlá kan nísàlẹ̀ ilé. Àga ibẹ̀ le, yàrá náà tutù débi pé n kò lè bọ́ aṣọ òtútù ọrùn mi, kọfí inú ẹ̀rọ sì ti tán kí n tó débẹ̀. Wọ́n fi fídíò kan hàn wá nípa iṣẹ́ júrì, lẹ́yìn náà ni adájọ́ fúnra rẹ̀ wọlé wá kí wa. Lẹ́yìn èyí, ìjókòó ló kù. A jókòó, a jókòó, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá kan tó wà nítòsí mi kò yéé yọ fóònù wo aago.

Òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mójú tó wa wá wọlé, ó ní kí a fún òun ní etí. Ó ní ẹjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, méjì ti parí láàárọ̀ yẹn. Bí àwọn olùjẹ́jọ́ méjì ṣe gbọ́ pé júrì ti pé nísàlẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, wọ́n gbà láti bá agbẹjọ́rò ìjọba yanjú rẹ̀. Ó ní, “Jíjókòó tí ẹ jókòó síbí ló parí ẹjọ́ méjì yẹn. Èyí tó kù, ẹ máa gòkè láìpẹ́.” Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bàbá yẹn ti fóònù rẹ̀ bọ àpò, kò sì yọ ọ́ mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ kóòtù méjèèjì nìyí. Dídúró kọ́ ló ń bí ènìyàn nínú jù lọ, kí ó má mọ ohun tó ń dúró dè ni. Àlàyé kò gba owó, kò gba ilé tuntun, kò gba ìwé àṣẹ láti Òkè-Mosàn, ọ́fíìsì gómìnà wa. Bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn ohun tó ń lọ, ó mọ̀ pé wọ́n ka òun sí, yóò sì fi gbogbo ọkàn ṣe ohun tí wọ́n pè é fún.

Nígbà tí a gòkè, adájọ́ bi wá ní ìbéèrè, ẹni tí ó bá kàn á gbé káàdì nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn títí dòní. Ọkùnrin dúdú kan wà tó wọ aṣọ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọmọ Haiti ni, a ti jọ sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ dáadáa. Àwọn lọ́yà lọ sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níwájú adájọ́, wọ́n sì ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un. Òfin gba àwọn lọ́yà láyè láti yọ iye kan nínú àwọn tí wọ́n ṣà láìsọ ìdí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Massachusetts ti sọ ní 1979 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara yọ ará júrì, ilé-ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà sọ tirẹ̀ ní 1986 nínú ẹjọ́ Batson. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ní láti sọ ìdí, ta ló máa mọ ohun tó wà lọ́kàn lọ́yà? N kò lè búra pé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ ni mo rí, ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n lé kúrò lóde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin fòpin sí irú yíyọ yìí ní 1988, ìpínlẹ̀ Arizona náà pa á rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ti Arizona ni mo fara mọ́. Bí lọ́yà bá fẹ́ yọ ènìyàn, kí ó sọ ìdí níwájú adájọ́, kí adájọ́ sì wọ̀n ọ́n.

Àwa mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó, nítorí kóòtù kékeré ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ní ó mutí wakọ̀ ni. Nígbà tí a fẹ́ gbìmọ̀, wọ́n gbé búrẹ́dì àti omi wá fún wa. Ẹ má rò pé oúnjẹ júrì kò já mọ́ nǹkan kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1670, wọ́n ti àwọn ará júrì mọ́lé ní kóòtù Old Bailey fún òru méjì láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, nítorí wọ́n kọ̀ láti dá William Penn àti William Mead lẹ́bi lórí ìwàásù tí wọ́n ṣe ní títì. Wọn kò yí ohùn padà. Adájọ́ bu owó ìtanràn lé wọn, ó sì ju àwọn tí kò san án sí ẹ̀wọ̀n Newgate. Ọ̀kan nínú wọn, Edward Bushel, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù mìíràn, ibẹ̀ ni Adájọ́ àgbà Vaughan ti sọ pé kò tọ́ láti fìyà jẹ ará júrì nítorí ohun tó gbà pé ó jẹ́ òtítọ́. Láti ibi irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú júrì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ni mo tún fẹ́ kí kóòtù yẹn ṣe. Adájọ́ ka ìtọ́sọ́nà òfin fún wa lẹ́nu, ó gùn, wọn kò fún wa níwèé, a kò sì mọ̀ bóyá a lè kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí a wọ yàrá ìgbìmọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí òun ṣe gbọ́ ọ. Láti 1995 ni Arizona ti ń jẹ́ kí àwọn ará júrì kọ nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí nípasẹ̀ adájọ́. Ẹni tí ìdájọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ nílò bírò.

Ó wá kan Abẹ́òkúta.

Ọlọ́pàá ló pè mí lórí fóònù. “Mọ́mì, kóòtù ní aago mẹ́sàn-án o.” Ìyẹn nìkan. N kò mọ yàrá wo, n kò mọ ta ni kí n bi. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pe gbogbo wa, ẹlẹ́rìí, olùjẹ́jọ́ tó wà lórí béèlì, ẹbí, onígbọ̀wọ́, ẹjọ́ tí wọ́n máa pè ní kùtù àti èyí tí wọ́n máa pè lọ́sàn-án. Oòrùn oṣù Èrèlé ń jó wa, bẹ́ńṣì méjì péré ló wà lábẹ́ igi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù nìyí. Bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n fi èmi àti ìyá ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jókòó sí. Kò mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ó bi mí pé ṣé èmi náà wá torí ọmọ mi ni. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, tó mọ̀ pé èmi ni ẹlẹ́rìí, ó di ìró mi mú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.” Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí, gbogbo ènìyàn ń wò wá. Kí ni kí n ṣe? N kò lè bínú sí i, ìyá ni èmi náà. Bí ó bá jẹ́ ẹbí tó ní àwọn géńdé lẹ́yìn ni, ẹlẹ́rìí mìíràn á ti sá lọ. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, tí ẹlẹ́rìí á ti dúró títí wọ́n á fi pè é, kò pọ̀ jù fún kóòtù láti ní.

Ọjọ́ mìíràn, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wá kò dé. Ọjọ́ mìíràn, lọ́yà kọ lẹ́tà pé òun wà ní kóòtù mìíràn. Ọjọ́ mìíràn, kóòtù kò jókòó. Gbogbo ìwọ̀nyí lè ṣẹlẹ̀, n kò sọ pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà lọ́yà yẹn ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀sán gangan ni wọ́n tó sọ fún wa. Àwọn oníbàárà mi láti Èkó ti dé Ìtọ́kú, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n sì ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó ọkọ̀ mi láti Aṣerò, àpò ara mi ni. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé kí ìgbẹ́jọ́ máa lọ lójoojúmọ́. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ, olùpẹjọ́ tàbí olùjẹ́jọ́ kò sì gbọdọ̀ sún ẹjọ́ síwájú ju ìgbà márùn-ún lọ. Ó tún sọ pé ẹlẹ́rìí ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìnáwó tó bá mọ níwọ̀n. Ìlànà tó dára ni. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọwọ́ gbogbo ẹlẹ́rìí tẹ̀, ní kóòtù yòówù tó bá jẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ire náà. Ọjọ́ tí mo dé inú àpótí ẹlẹ́rìí, adájọ́ májísíréètì náà ṣe mí bí ènìyàn. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Ó bi mí èdè tí mo fẹ́ sọ, mo ní Yorùbá, kí ọmọkùnrin náà àti ìyá rẹ̀ lè gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Nígbà tí lọ́yà olùjẹ́jọ́ fẹ́ máa gbóhùn sókè sí mi, ó dá a lẹ́kun pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ inú yàrá ìgbẹ́jọ́ yẹn kò kéré sí èyí tí mo rí l'Amẹ́ríkà rárá. Láti ẹnu ọ̀nà síta ni ìṣòro wà.

Ọ̀dọ́bìnrin kan sì wà ní ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Ó rí mi níbi tí mo ti ń bínú, ó fa ìwé kan jáde, ó kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi. Ó ti kọ ti àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ẹjọ́ wọn, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn tó ti jìnnà, bí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́ wa, ó pè mí: “Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ́la, wọ́n ti sún un.” Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra káàdì. Kò sẹ́ni tó rán an.

Bí wọ́n bá ní kí n fún kóòtù méjèèjì ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni ti Massachusetts, nítorí ọmọ Haiti yẹn àti ìwé tí wọn kò fún wa. Méjì ni ti Abẹ́òkúta, ọ̀kan fún adájọ́, ọ̀kan fún ọ̀dọ́bìnrin yẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tó ń ṣètò kóòtù nípìnlẹ̀ wa, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe di iṣẹ́, kí wọ́n fún un ní fóònù kóòtù àti owó ìpè, kí wọ́n sì pín aago, kí ẹjọ́ ọ̀sán má bàa máa dé láàárọ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà l'Amẹ́ríkà tí ìwé júrì bá dé bá, ẹ sọ fún un kó má jù ú nù, nítorí ó lè fa ìtanràn. Bí kò bá ráyè, kó mú ọjọ́ mìíràn. Bí kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, kó kọ ọ́ síbẹ̀ kó sì dá a padà fún wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì pè láti jẹ́rìí níbí, kí ẹ tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé, ẹ béèrè yàrá tí ẹjọ́ yín wà, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yín jókòó síbòmíràn.